Àmọ̀kẹ́ Tó Gba Ọ̀nà Òkè

Iná ti lọ láti ìrọ̀lẹ́. Fóònù mi ku ìdajì ẹ̀mí.
Mo nà sórí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ní Pàkátà,
ẹ̀fọn ń ké kéwú sí mi létí.
Géèmù ṣí, ó bi mí:
akọ ni ọ́ tàbí abo?

Bí ẹni pé ìbéèrè kékeré ni.
Bí ẹni pé agbẹ̀bí kò ti dáhùn rẹ̀
kí n tó sunkún àkọ́kọ́ tán.

Ó wá pàtẹ àwọ̀ bí ẹni pàtẹ òwú:
funfun oríṣi mẹ́fà,
funfun ẹfun, funfun wàrà, funfun wàrà tó ti sùn mọ́jú,
dúdú ẹyọ kan péré,
òun náà rí bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí.
Mo wá àwọ̀ ìyá mi,
àwọ̀ ìkòkò Dàda tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú iná.
Kò sí lórí àtẹ.

Ẹ̀yà ńkọ́? Èèyàn, iwin, òmìrán, aràrá. Mú ọ̀kan.
Ẹ̀rín pa mí.
Bàbá tó bí bàbá bàbá mi da màlúù wọ̀lú,
ó fẹ́ ọmọ Ọ̀fà; ọmọ wọn lọ fẹ́ Bàrùbá.
Fúlàní la fi ń pe ìdílé wa,
Yorùbá la fi ń jà,
Lárúbáwá la fi ń bẹ Ọlọ́run.
Àpótí mẹ́rin. Mú ọ̀kan.

Ọdún méjì ni mo fi jẹ́ òyìnbó onírun àgbàdo,
idà mi gùn jù mí lọ.
Kò sẹ́ni tó bi mí níbi tí mo ti wá.
Mo fẹ́ràn ìyẹn, n ò ní parọ́.

Lálẹ́ àná, n ò mọ ohun tó ṣe mí,
ìka mi yẹ̀ sórí abo, mo sì fi í bẹ́ẹ̀.
Mo mú tíì onímílíìkì, mo di irun fún un,
mo sọ ọ́ ní Àmọ̀kẹ́,
oríkì ìyá ìyá mi tí kò fọwọ́ kan fóònù rí.

Kò tíì dé odò àkọ́kọ́ tí mẹ́ta fi yí i ká.
Ọ̀kan kó wúrà fún mi, n ò tọrọ.
Èkejì ní kí n fi ohùn mi ránṣẹ́.
Ẹ̀kẹta, nígbà tí mo dákẹ́,
fi àwọ̀ mi pe ẹranko kan tí n ò ní dárúkọ.
Èmi mẹ́káníìkì, èmi tí ń dá ẹ́ńjìnnì gbé,
àtẹ́lẹwọ́ mi ń làágùn.

Bàbá kan bá yọ láàárín igi,
òmìrán, irùngbọ̀n dé ìdodo, àáké lọ́wọ́.
Kò bá wọn rojọ́.
Àáké ṣá: mo gbọ́ èékánná lára gíláàsì
lẹ́yìn kọ́tìnì ìyàrá inú, kó.
Ó tún ṣá: kó.
Ẹ̀kẹta fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ.

Ó ti rí orúkọ mi. Yorùbá ló kọ:
"Má dá wọn lóhùn láéláé.
Gba ọ̀nà òkè. Ó jìn, ṣùgbọ́n kò séèyàn."
Mo ti kọ "ẹ ṣé, bàbá" dé ìdajì.
Mo pa á rẹ́. Mo pa fóònù.

Wọ́n pe ìrun àsùbáà.
Àsímáwù, àbúrò mi, gbé bútà jáde, ojú rẹ̀ pọ́n.
Òun tó máa ń yípo ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí lọ sílé kéwú,
tí mo máa ń bá wí pé ó ń pẹ́.
"Bùrọ̀dá, ṣé ẹ sùn?"
Mo ní mo sùn.
Nígbà tó so híjáàbù tán, mo ti wọ bàtà,
mo ní ó wù mí kí n ra kúlíkúlí lápá ibẹ̀.
Ó wo ẹsẹ̀ mi, ó wò mí.
"Ọ̀nà tí mo máa ń gbà jìn o."
Mo ní mo mọ̀.