Àtùpà Inú Fíríṣà

Ní Kemijärvi, bí oṣù Kejìlá bá dé,
oòrùn a fi wá sílẹ̀.
Ojú ọ̀run á kàn pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ lọ́sàn-án
bí ẹni tó yọjú wo ilé onílé,
tí kò rí ojúlùmọ̀, tó sì bá tirẹ̀ lọ.
Ilé ìwé la ń kọ́. Òrùlé ló kù.

Iná tí à ń lò tẹ́lẹ̀, okùn rẹ̀ gùn bí ẹjọ́ ilẹ̀:
ó ti ìdí jẹnẹrétọ̀ wá, ó wọ́ gba orí yìnyín,
ó gba abẹ́ pákó, ó gba ibi tó wù ú.
Òun ló kọ́ Rauno lẹ́sẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.
Kápẹ́ńtà ọgbọ̀n ọdún nà gbalaja,
ọrùn ọwọ́ rẹ̀ yẹ̀.
Òkùnkùn ò mọ ẹni ọ̀wọ̀.
Tuovi, ọ̀gá wa, ká okùn náà jọ láìsọ̀rọ̀,
ó jù ú sẹ́yìn ọkọ̀,
ó ní kí èmi ọmọ iṣẹ́ jókòó níwájú.

Aulis to àtùpà oníbátìrì mẹ́rin sórí káńtà,
ó ń yìn wọ́n bí ẹni ń wá ọkọ fún ọmọ.
“Èyí, ẹgbàárùn-ún lúmẹ́nì!
Èyí, wákàtí mẹ́jọ gbáko!
Èyí, ẹ jù ú sódò, ẹ yọ ọ́, yóò ṣì máa tàn!”
Ẹnu dùn-ún ròfọ́.
Tuovi fa ìbọ̀wọ́ iṣẹ́ yọ, èyí tó nípọn bí búrẹ́dì,
ó wọ̀ ọ́, ó na ìka.
Bọ́tìnnì ti àkọ́kọ́ kò ju hóró àgbàdo lọ;
ìka rẹ̀ wá a tì.
Ó tan ti ẹgbàárùn-ún. Gbogbo wa fọwọ́ bojú.
“Bí mo bá gbójú sókè bá èyí pàdé lórí àkàbà,
ta ni yóò júwe ilẹ̀ fún ẹsẹ̀ mi?”
Ó da gígé wáyà sílẹ̀, ó gbé ìkẹta sún mọ́ wọn.
Wáyà aláwọ̀ kọfí di dúdú.
“Iná tó ń purọ́ fún oníwáyà,” ó ní, “apààyàn ni.”

Aulis fajú ro.
“Níbo lo ń kó ẹja sí?”
“Fíríṣà, lẹ́yìn.”
“Tan wọ́n, kí o kó wọn síbẹ̀ di àárọ̀.
Gbogbo wọn o, títí kan àwọn tí mo kọ̀.
Mi ò fẹ́ kí wọ́n ní mo ṣe ojúsàájú.”

A padà lówùúrọ̀, òtútù ń gé wa létí.
Aulis ò sùn. Ojú rẹ̀ pọ́n.
Ó ti gbé àga sẹ́nu ọ̀nà fíríṣà,
ó sì kọ wákàtí ikú ìkọ̀ọ̀kan sára bébà tó fi ń di ẹja:
oníwákàtí mẹ́jọ, wákàtí méjì ó lé díẹ̀;
ẹgbàárùn-ún kò tilẹ̀ rí ààjìn.
“Mo ti ń ta irọ́ láìmọ̀,” ó ní, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀.

Ìkẹrin ṣì ń tàn.
Kúkúrú, oríkunkun, kò lẹ́wà,
bátìrì rẹ̀ kan náà ni ti dírílì wa.
Ẹja yí i ká, wọ́n lajú kalẹ̀
bí ọmọ ilé ìwé tí tíṣà ń bá wí.
Ọ̀kan tó fara tì í ti rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́;
Aulis fi ìyẹn ṣe ẹ̀ẹ́nì fún wa.

Rauno wá wò wá, apá rẹ̀ so kọ́rùn.
Ó dúró nísàlẹ̀, ó ń ka ìṣó tí à ń gbá sókè,
ó pariwo nígbà tí mo fo ọ̀kan.
Ó rí i láti ibẹ̀ yẹn!

Bátìrì ti pààrọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta láti ìgbà náà,
òrùlé ti parí, a ti wà lẹ́nu ilé mìíràn.
Ṣùgbọ́n bí àtùpà yẹn bá gbóná díẹ̀,
ó ṣì ń rùn bí ẹja.