Ikú Kẹtàdínlógún

Yìnyín ti bo fèrèsé dé àárín ní Kushiro,
ọkọ̀ ojú irin kò wá, ilé-ìwé kò ṣí.
Mo jókòó sídìí tábìlì oníná nílé àwọn Shigeo,
ẹranko náà sì tún pa mí.
Gankuro, onírun irin,
abìwo-bí-ẹ̀ka-igi, a-fìrù-gbá-òkè-wó,
ó tẹ̀ mí mọ́lẹ̀ bí ẹni tẹ èèrà,
ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń yán.

Tamae, ìyá àgbà Shigeo, gbé ife tíì rẹ̀ sílẹ̀.
Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi wa ọkọ̀ tó ń kó yìnyín kúrò lójú títì,
ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń gbọ̀n bíi pé ẹ́ńjìnnì náà kò tíì kú.
"Kiyohiko, gbé ìka kúrò lórí bọ́tìnì.
Ìwọ kò ṣọdẹ. Ìjà lò ń jà.

Tún wọlé tọ̀ ọ́, má yọ idà.
Kàn máa wò ó. Bó bá pa ọ́, ó pa ọ́ náà nìyẹn,
ikú inú ẹ̀rọ kì í gba pósí.
Wo èjìká rẹ̀: bó bá sọ ọ̀tún kalẹ̀, ó fẹ́ sáré.
Bó bá mí símú lẹ́ẹ̀mejì, iná ń bọ̀.
Bí ìrù bá dákẹ́,
ìrù tó ti ń jó látàárọ̀ tó wá ṣàdédé dákẹ́,
ọmọ, sá wọ abẹ́ ikùn rẹ̀!
Bẹ́ẹ̀ ni, abẹ́ ikùn.
Ẹni tó ń sá sẹ́yìn ni iná ń bá.

Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ni kí o dojú kọ.
O ṣá ìwo, o ṣá ìrù, o tún fẹ́ ṣá imú;
ẹni tó lé eku méjì, òfo ló pa.
Ṣá a lẹ́ẹ̀mejì, kí o kúrò.
Mo ní ẹ̀ẹ̀mejì o!
Ẹ̀kẹta yẹn tó máa ń wù ọ́,
òun ló pa ọ́ nígbà mẹ́rìnlá nínú mẹ́tàdínlógún.
Mo jókòó síbí, mo ń kà á.

Má mu oògùn lójú rẹ̀.
Ta ní í jókòó jẹun níwájú ọkọ̀ tó ń bọ̀?
Fi àpáta sáàárín yín, kí o pọ́n idà.
O ní awọ rẹ̀ le? Kò le. Idà rẹ ló kú.
Ọbẹ̀ ẹja sì wà lórí iná nínú àgọ́ ọdẹ,
ojoojúmọ́ lò ń fò ó kọjá, tí ò ń fi ebi lọ bá erin.

Tó bá wá ń tiro, má yọ̀.
Ibùsùn rẹ̀ ló ń lọ, jẹ́ kó sùn ná.
Ibi tó ti ń tiro yẹn gan-an ni ọ̀pọ̀ ọdẹ ń kú sí,
wọ́n ti ń ro ibi tí wọn yóò gbé awọ kọ́."

Mo ní, "Ìyá àgbà, ẹ gbà, ẹ fi hàn mí."

Ó nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò, ó gbà á.
Ó wò ó pẹ́. Èjìká sọ̀ kalẹ̀, ó yẹ̀.
Ìrù dákẹ́, ó wọ abẹ́ ikùn.
Ó ṣá a lẹ́ẹ̀kan. Ó ṣá a lẹ́ẹ̀kejì.
Ó ṣá a lẹ́ẹ̀kẹta.

Shigeo ti dùbúlẹ̀ nílẹ̀, ẹ̀rín ò jẹ́ kó lè mí.
Ìyá rẹ̀ yọjú láti ilé ìdáná pé ta ló ṣubú.
Tamae ń wo Gankuro tó ń yán lórí òkú rẹ̀.
"Ó wù mí ni," ó ní.

Ṣùgbọ́n èmi rí nǹkan kan,
nítorí pé ọwọ́ mi kò sí lórí bọ́tìnì:
kó tó gbé ẹsẹ̀ tẹ ènìyàn,
ó máa ń di ojú òsì.
N kò sọ fún ẹnikẹ́ni.
Mo bu tíì kún ife ìyá àgbà,
mo lọ jẹ ọbẹ̀ ẹja nínú àgọ́, mo pọ́n idà.
Ikú kejìdínlógún,
rọra máa bọ̀.