Pẹ́ńsù Lẹ́yìn Etí

Aago márùn-ún ìdájí, òkùnkùn ṣì di èbúté mú,
ọkọ̀ Høgni ti ń fọn fèrè lẹ́bàá ògiri òkun,
ẹja wà nínú yìnyín, yìnyín ń yọ́,
èmi Marjun sì dúró níwájú ẹ̀rọ
bí ẹni tó wá yá owó lọ́wọ́ àna.

Òṣùwọ̀n ní kílò mọ́kànlélógún.
N kò tíì gbé nǹkan kan lé e.
Mo fi ìbọ̀wọ́ nù ún, ó ní mẹ́rin,
ó wá kọ àmì kan tí kì í ṣe nọ́ńbà, tí kì í ṣe lẹ́tà,
bí ọmọdé tó ń sọ̀rọ̀ lójú oorun.

Mo pe olú iléeṣẹ́ ní Tórshavn.
Orin ni wọ́n fi dá mi lóhùn, ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá gbáko.
Lẹ́yìn náà, ohùn tútù kan: "Ẹ pa á, kí ẹ tún un tàn."
Mo ti pa á. Mo ti tàn án.
Bó bá ṣe pé pípa àti títàn ń wo àìsàn ni,
orúnkún mi ì bá ti san tipẹ́.

Ẹ má rò pé n kò mọ ìwà rẹ̀.
Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé fẹ́ kí n fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a lápá òsì,
lẹ́ẹ̀mejì, kì í ṣe lẹ́ẹ̀mẹta.
Kọ̀ǹpútà kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni se kọfí nígbà tó bá ń jí,
nítorí náà Tóra tó ń gé orí ẹja
kì í rí kọfí mu títí di aago mẹ́fà,
ó ń wò mí bí ẹni pé èmi ni mo jẹ ẹ́ lówó.

Wọ́n rán Bárður wá lẹ́ẹ̀kan, ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún,
àpò irinṣẹ́ rẹ̀ mọ́ ju aṣọ ìsinmi mi lọ.
Ó kàn fọwọ́ kàn án ni:
òṣùwọ̀n dúró ṣinṣin, ìwé jáde, iná aláwọ̀ ewé tàn.
Ẹ wo olè! Ó rí olùkọ́, ó káwọ́ sẹ́yìn.
Bárður kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sí àléébù.
Ọkọ̀ rẹ̀ kò tíì yí ẹ̀yìn òkè
tí òṣùwọ̀n fi ní kílò mọ́kànlélógún.

Ẹni ejò bù jẹ rí, bó rí ekòló, a sá.
Pẹ́ńsù ń bẹ lẹ́yìn etí mi,
òṣùwọ̀n irin tí bàbá mi lò ń bẹ lábẹ́ tapólì,
ó ti dípẹtà, ṣùgbọ́n òtútù kì í yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà.
Síbẹ̀, òfin ni òfin: àpótí kọ̀ọ̀kan ní láti gba orí ẹ̀rọ kọjá,
bí ẹ̀rọ náà tilẹ̀ dákẹ́ bí òkú.
Høgni ń gbé, Tóra ń pè, èmi ń kọ.
"Méjìlélógójì!"
"Mo gbọ́, méjìlélógójì."
Ìka mi kú tipiri. Ìpẹ́ ẹja lẹ̀ mọ́ ojú ìwé,
ó ń dán níbi tí pẹ́ńsù kò ti hàn dáadáa.

Lóru ọjọ́ yẹn, n kò mọ ohun tó wọ̀ ọ́ lára,
ó jí.
Ó tẹ ìwé mọ́kànléláàádọ́ta jáde sínú gbọ̀ngàn òfìfo.
Mo bá wọn nílẹ̀ láàárọ̀, wọ́n gùn dé ẹnu ọ̀nà
bí ìfun ẹja.

Mo jókòó lórí àpótí, mo fi wọ́n wé ìwé mi.
Àádọ́ta bára mu.
Ẹyọ kan ló fi kílò kan yàtọ̀: àpótí kẹtàdínlógún.
Mo rántí rẹ̀. Tóra ń pè é lọ́wọ́ nígbà tí ikọ́ gbé Høgni.
N kò mọ ẹni tó ṣì í nínú àwa méjì.
Mo wo ẹ̀rọ. Ó ní òdo.
Mo mú ọ̀bẹ ẹja, mo gbẹ́ ẹnu pẹ́ńsù mi.