Mílíọ̀nù Méje Yòókù

Ó kù díẹ̀ kí n ta ilé bàbá mi ní Màkún, Ṣàgámù,
pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alájà kan, yàrá mẹ́jọ,
tí owó gbànja kọ́ kí wọ́n tó bí mi.
Mo kùn ún ní funfun. Mo pààrọ̀ páànù.
Mo tẹ́ táìlì sí balùwẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Ṣótúnbọ̀ dé láti wá rà á,
bàtà rẹ̀ ń dán bí ojú ẹja tútù.
Kò wo funfun, kò wo páànù.
Ó dúró ti gọ́tà bí ẹni tó dúró ti òkú,
ó wo omi dúdú tí kò lọ, tí kò bọ̀,
ó wo ààtàn tó ti ga tó ọmọ ọdún mẹ́fà
níwájú ilé àwọn Odùwọlé,
ó ń fi ìka ka nǹkan tí n kò rí.
“Mílíọ̀nù méjìdínlógún lẹ pè é?
Mọ́kànlá ni màá san.
Méje yòókù, ẹ lọ gbà á lọ́wọ́ àdúgbò.”

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ;
n kò mọ̀ pé gọ́tà ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó ná ilé.

Inú bí mi. Mo ń kanlẹ̀kùn kiri.
Màmá Odùwọlé ní ààtàn kì í ṣe tòun nìkan.
Ṣógbẹ̀san onígbàjámọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù òun mọ́, kí n wọlé wá wò ó.
Lóòótọ́, ó mọ́:
gbogbo ohun tó gbá ló gbá síta.
Kálukú ló mọ ibi tí ilé rẹ̀ parí sí,
kò sẹ́ni tó mọ ibi tí títì ti bẹ̀rẹ̀.

Àárọ̀ Sátidé, mo gbé ṣọ́bìrì,
mo bẹ̀rẹ̀ láti òkè, níbi tí omi ṣì ń ṣàn,
mo ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn, mò ń wá ọ̀daràn tó dí i.
Mo kọjá ilé mẹ́rin, mo ń bú wọn lábẹ́ ahọ́n.
Níbi tí omi ti dákẹ́, mo gbójú sókè:
ògiri funfun, ọ̀dà rẹ̀ kò tíì gbẹ tán.

Kankéré tí bàbá mi dà lé gọ́tà
kí ọkọ̀ gbànja lè wọlé
ti wó sínú rẹ̀ láti ọdún tí a ti sin ín.
Ọdún mẹ́sàn-án.
Wọn kò bá mi sọ ọ́. Wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún òkú.

Mo wọnú ẹrẹ̀ dé orúnkún.
Nígbà tó yá, mo gbọ́ ìró ṣọ́bìrì kejì:
Ṣógbẹ̀san ni. Kò kí mi. Ó sáà ń wà á.

Fóònù ń dún lápò mi, Ṣótúnbọ̀ ni.
Ọwọ́ mi kún fún ẹrẹ̀.
Ẹ jẹ́ kó máa dún.