Àgọ́ Oyin

Ọmọ ọdún méje ni Vid, kò tíì pe orúkọ mi rí.
Kì í ṣe pé kò gbọ́. Ó ń gbọ́ ju gbogbo wa lọ:
ó ń gbọ́ iná mànàmáná nínú ògiri,
ó ń gbọ́ yìnyín tó ń yọ́ lórí òrùlé aládùúgbò,
á fàtẹ́lẹwọ́ bo etí, á máa mì síwá sẹ́yìn
bí ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n so mọ́ èbúté.

Dókítà ní Ljubljana kọ ọ́ sínú ìwé: ọ́tísìmù.
Màmá ká ìwé náà sí mẹ́rin, ó fi sábẹ́ ife.
Láti ìgbà náà la ti ń wá a kiri.
A jáwọ́ nínú búrẹ́dì. A jáwọ́ nínú wàrà,
bẹ́ẹ̀ màlúù mẹ́ta ń ké lẹ́yìnkùlé wa.
Bàbá ta katakata, a wọkọ̀ lọ sétí òkun
kí ọmọ lè wẹ̀ pẹ̀lú ẹja ńlá kan tó ń rẹ́rìn-ín.
Ẹja rẹ́rìn-ín.
Vid bì sórí bàtà ẹni tó gbowó.

Bàbá àgbà Lovro kò dá sí i,
àfi lóru ọjọ́ kan nínú oṣù Karùn-ún,
tí Vid pariwo láti ìrọ̀lẹ́ títí ohùn rẹ̀ fi há.
Ó gbé e lé èjìká bí àpò ọ̀dùnkún,
ó gba inú koríko tútù lọ sí àgọ́ oyin rẹ̀,
ó tẹ́ aṣọ òtútù sórí pákó tó bo àwọn oyin,
ó da ọmọ dé e, ó dojú rẹ̀ bolẹ̀.
Màmá ní, "Oyin kì í mọ ọmọdé, wọ́n á ta á!"
"Pákó wà láàárín. Ẹ dákẹ́."

A dákẹ́.
Nísàlẹ̀, ọ̀kẹ́ àìmọye ìyẹ́ ń kùn,
ohùn kan ṣoṣo tí kò bèèrè nǹkan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.
Èjìká Vid ló kọ́kọ́ rọ̀. Lẹ́yìn náà, ìka rẹ̀.
Ó fi etí lé pákó.
Ó sùn títí ìrì fi gbẹ.

Ẹ má bi mí bóyá ó ti sàn.
Mi ò mọ ohun tí ẹ ń pè ní sísàn.
Ó ṣì ń pariwo bí aago ṣọ́ọ̀ṣì bá dún.
Ṣùgbọ́n láàárọ̀ àná, níbi tí mo ti ń fọ abọ́,
ó wá fi iwájú orí ti ẹ̀yìn mi,
ó ń kùn,
egungun ẹ̀yìn mi gbọ́ kí etí mi tó gbọ́.
Mo pa ẹ̀rọ omi.
Mo kùn padà.