Dígí Kẹjọ

Ọgbọ̀n ọdún ni ọ̀gá mi Bùsàrí fi gbé páànù bisikíìtì kan kiri,
etí rẹ̀ ti dípẹtà,
dígí roboto mẹ́jọ nínú rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú aṣọ ìnujú.
Nígbà tí fọ́tò ṣì jẹ́ dúdú òun funfun,
bó bá fẹ́ kí ọ̀run ṣú dẹ̀dẹ̀, pupa ló ń fi sí i;
ìyeyè fún awọ ara, kó má baà dà bí eérú.
Ọ̀kan wà tó fi abẹ́rẹ́ ha fúnra rẹ̀
kí iná àbẹ́là lè yọ ìka mẹ́fà bí ìràwọ̀.
Ti ìyàwó ọ̀ṣìngín, ìbọ̀sẹ̀ fẹ́lẹ́ ló máa ń nà bo lẹ́ńsì.
Ìbọ̀sẹ̀ ta ni? A ò béèrè.

Ní Alékúwọdò, lókè ilé tí wọ́n ti ń ta páìpù,
èmi Sínótù jogún iṣẹ́, mi ò jogún páànù.
Omíyalé ti gbé e lọ.
Kọ̀ǹpútà ni tèmi, àti jẹnẹrétọ̀ tó ń wúkọ́.

Ẹ wò ó bí mo ti ń ṣe é:
mo tẹ́ àwọ̀ kan lé fọ́tò lórí,
mo dín in kù títí ojú fi lè là á kọjá.
Kò tó. Mo tẹ́ òmíràn.
Ìyá mi àgbà a máa rẹ aṣọ báyìí ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun,
ó ní aró ẹ̀ẹ̀kan kì í ṣe aró,
ẹ rẹ ẹ́, ẹ sá a, ẹ tún rẹ ẹ́.
Aláró lèmi náà, iná mànàmáná ni ìkòkò mi ń jẹ.
Bí mo bá ṣì í, mo lè pa dà sẹ́yìn;
Ìyá àgbà ò ní bọ́tìnì yẹn.

Ìyàwó tó wá ní Sátidé,
mo ṣe ẹ̀dà fọ́tò rẹ̀, mo sọ ẹ̀dà náà di bàìbàì, mo fi bo ti àkọ́kọ́,
mo wá fi búrọ́ọ̀ṣì nu ojú rẹ̀ àti ètè,
ìyókù ara wà nínú kùrukùru.
Ìbọ̀sẹ̀ rèé, láìsí ìbọ̀sẹ̀.
Ọkùnrin kan tí wọ́n yà láago méjìlá,
mo sọ ọ̀sán rẹ̀ di ìrọ̀lẹ́, ó fi ẹgbẹ̀rún kan lé owó mi.

Mo rò pé mo ti kó gbogbo páànù náà tán.

Àfi fọ́tò Gbodofọ́n.
Ọ̀gá yà á lọ́dún tí wọ́n bí mi, létí odò,
omi náà mọ́ débi pé o lè ka òkúta ìsàlẹ̀;
bàtà ọmọdé kan ṣoṣo, pupa, láàrin òkúta,
okùn rẹ̀ ṣì so.
Mo lọ dúró síbi tó dúró sí, ní wákàtí kan náà.
Tèmi mú ọ̀run, ó mú ìkúùkù, ó mú orí èmi fúnra mi.
Odò ò jẹ́ kí n wọlé.

Òru mẹ́ta ni mo fi bá a jà.
Mo mú funfun rẹ̀ wálẹ̀, mo fa dúdú rẹ̀ sókè,
mo tẹ́ aró lé aró.
Omi ń dúdú, kò là.
Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kun òkúta sí i fúnra mi.
Ẹyọ kan ni mo kùn. Ó jọ iṣu.

Mo gbé e lọ bá ọ̀gá ní Òkè-Baálẹ̀.
Ojú rẹ̀ méjèèjì ti funfun bí omi ògì;
ìbọ̀sẹ̀ tí Ọlọ́run nà bò ó kò ṣeé bọ́.
Mo ṣàlàyé fún un. Ó rẹ́rìn-ín.
"Dígí kẹjọ nìyẹn, èyí tó ń yí lọ́rùn kámẹ́rà.
Àwọn yòókù ń pa ìmọ́lẹ̀ láró ni,
èyí ń dá apá kan rẹ̀ pa dà lẹ́nu ọ̀nà.
Èyí tó ti wọlé jókòó, Sínótù, ta ni yóò lé e?"

Mo bi í léèrè bàtà.
Ó dákẹ́ títí wọ́n fi pe ìrun Àsárì.
"Mo yà á," ó ní.
"Mi ò sọ pé mo mọ ọmọ tó ni ín."

Mo délé, mo pa iṣu mi rẹ́.
Mo fi ojú omi sílẹ̀ bó ṣe wà:
ọ̀run, ìkúùkù,
àti orí ẹnìkan tó tẹ̀ sódò,
tó ń wá nǹkan.