Ìṣó Mẹ́fà

Wọ́n tún ilé ẹgbẹ́ wa kùn ní Làfíàjì,
ọ̀dà aláwọ̀ ewé tí òórùn rẹ̀ ń lé ológbò,
wọ́n wá kan ìṣó mẹ́fà mọ́ ògiri.
Mẹ́fà péré. Àwòrán mẹ́sàn-án ló wà nínú páálí.
Ibẹ̀ ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀.
Èmi gbé báàgì mi kọ́ sórí ìṣó kẹfà,
mo jókòó sẹ́yìn.

Bàbá Ràímì ló kọ́kọ́ dìde, orúnkún rẹ̀ ń dún:
"Pẹrẹrà! Kí la tún ń rò?
Ẹsẹ̀ òsì ọmọ yẹn, bí ẹni ń kọ̀wé ni.
Òun ló gba ife fún wa
lọ́dún tí ìjì ṣí òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì."
"Ife kan," Fàtáì Alágbàfọ̀ já a gbà,
"ife kan, ọdún méjì, ó gba Àpápá lọ, ó tẹ̀ lé owó.
Ẹni tó bá ọ̀tá wa jẹun,
ṣé ara ògiri wa ló ti máa wá rẹ́rìn-ín?"
"Ebi ò mọ àsíá ẹgbẹ́."
N ò mọ ẹni tó sọ ìyẹn. Ohùn náà ti ẹnu ọ̀nà wá.

Lórí Lámídì aṣọ́lé, kò sẹ́ni tó jiyàn.
Ẹni tó kú lọ́mọ ọdún mẹ́rìnlélógún
kò ráyè já ẹnikẹ́ni kulẹ̀.

Kọ́lápọ̀ ló pariwo jù, ọmọ ogún ọdún,
kò rí ọ̀kankan nínú wọn rí lórí pápá.
"Bàbá mi sọ fún mi," ló ń wí, "bàbá mi sọ fún mi."
Ó jogún ìbínú bí ẹni jogún ilé,
ó ń gbá àgbàlá rẹ̀ láràárọ̀.

Tíṣà Òkúbọ̀wálé wá ṣí ìwé rẹ̀,
ìwé tí aáyán ti jẹ létí,
góòlù gbogbo, ọjọ́ gbogbo, bírò pupa.
Ó nu awò ojú, ó kà á jẹ́jẹ́:
"Oyègbèmí. Mọ́kànlélọ́gọ́ta."
Ilé pa lọ́lọ́.
Kò sẹ́ni tó ní tó bẹ́ẹ̀ nínú páálí yẹn,
kò sì sẹ́ni tó fẹ́ kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

Fàtáì sọ ọ́. "Oníkàn ńkọ́?"

Pẹ́nálítì ọjọ́ yẹn, ó gbá a sókè.
Bí wọ́n bá ń ròyìn bọ́ọ̀lù náà ní Làfíàjì,
kò tí ì balẹ̀.

Bàbá mi ni.
Akọ̀wé ni ní ilé ìfìwéránṣẹ́ Màrínà,
ó máa ń bó ọsàn kí èèpo rẹ̀ má já,
á fi èèpo náà kọ́ mi létí bí yẹtí.
Èékánná àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ dúdú títí ó fi kú.
Ọdún mọ́kànlá ló fi yí ọ̀nà po
kó má baà gba Kámpọ̀sì kọjá,
mo rò pé ó fẹ́ràn ìrìn ni.

N ò bẹ̀bẹ̀. N ò sunkún.
Wọ́n kọ́ márùn-ún, wọ́n jiyàn títí ìrun fi pè,
báàgì mi ṣì wà níbẹ̀.
Mo gbé e, mo kí wọn, mo lọ.
Àwòrán rẹ̀ kù sínú páálí, ó dojú délẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, fóònù mi dún. Fàtáì Alágbàfọ̀ ni,
ẹni tó bú u jù láyé yìí.
Ó húkọ́. Ó béèrè àlàáfíà ilé.
"Mo ti gbé e kọ́," ló wí.
"Ẹ wá wò ó tẹ́ ẹ bá ráyè."
Ó dákẹ́ díẹ̀. Mo ń gbọ́ omi tó ń ṣẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́yìn rẹ̀.
"Àmọ́, Mà,
ó yẹ kó gbá a nílẹ̀."